Sìsí, Ẹlẹ́rìn-ín àti Ẹ̀rọ Ìfọṣọ

"Má tíì tẹ̀ ẹ́," ni Sìsí wí. "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ dáadáa."

"Ojú ta ni? Ojú ẹ̀rọ ni àbí ojú tèmi?" ni ọmọkùnrin náà béèrè, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn gan-an ni wàhálà. Nínú gbogbo kíláàsì wọn, kò sẹ́ni tó ń pe ọmọkùnrin yìí ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pè é. Bó bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì á jìn wọnú díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá fi ìka tẹ ìyẹ̀fun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò. Sìsí ti ka ìwé ìtàn ìfẹ́ tó pọ̀ lábẹ́ tábìlì ní kíláàsì, ó sì mọ ohun tó máa ń ṣe omidan tó bá rí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀: àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, orúnkún rẹ̀ á di omi. Ohun tí àwọn ìwé náà kò sọ ni bí omidan yóò ṣe fọkàn sí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìfọṣọ lásìkò bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ ìfọṣọ ló sì gbé e wá. Alágbàfọ̀ ni ìyá rẹ̀. Láràárọ̀ ni ilé ìtura tó wà ní ìkángun òpópónà wọn máa ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì ránṣẹ́, ọwọ́ lásán ni Màmá sì fi ń fọ gbogbo rẹ̀ nínú ọpọ́n ńláńlá lẹ́yìnkùlé. Ọṣẹ ti jẹ ọwọ́ obìnrin náà débi pé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti sán wẹ́wẹ́. Bó bá fẹ́ fọwọ́ pa ọmọ rẹ̀ lórí, ńṣe ni ọwọ́ náà ń ha irun. Nígbà tó yá, òun àti ọkọ rẹ̀ tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ títí tó fi tó ohun tí wọ́n lè fi ra ẹ̀rọ.

Ṣùgbọ́n nílé wọn, wọn kì í dédé ra nǹkan ńlá. Màmá Àgbà, ìyá tó bí bàbá Sìsí, ló fi òfin náà lélẹ̀. Ẹnìkan á kọ́kọ́ lọ wo ọjà náà. "Ojú ilé" ni wọ́n ń pe onítọ̀hún. Tó bá dé, gbogbo ilé á jókòó, kálukú á sọ èrò ọkàn rẹ̀. Ẹni tó kéré jù ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, "kí ohùn ńlá má baà gbé ohùn kékeré mì," gẹ́gẹ́ bí Màmá Àgbà ṣe máa ń wí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni èèyàn ń sọ̀rọ̀, kò sì sí pé ó tún un sọ. Irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ra fìríìjì. Òun náà ni wọ́n fi kọ tẹlifíṣọ̀n ńlá kan tí Bàbá fẹ́ràn bí ojú. Ó ṣì ń dun ọkùnrin náà títí dòní.

Lọ́tẹ̀ yìí, Sìsí ni ojú ilé. Ìdí nìyẹn tó fi ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan sínú ọ̀rá, tó sì gba ìsọ̀ lọ nígbà tí wọ́n jáde níléèwé. Ọ̀gá tó ni ìsọ̀ náà, tó ń ta fìríìjì, fáànù àti irinṣẹ́ ilé oríṣiríṣi, ẹ̀gbọ́n ìyá Ẹlẹ́rìn-ín ni. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Ẹlẹ́rìn-ín ń gbé, tó fi ń lọ síléèwé, tó sì ń bá a tajà nírọ̀lẹ́. Ọ̀gá ti jáde lọ́jọ́ náà. Àwọn méjèèjì nìkan ló kù níbẹ̀, àti àwọn fáànù tó ń yí jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń ṣọ́ wọn.

Ẹ̀rọ náà dára lójú. Funfun báláú ni, ó ní iná búlúù tó ń ṣẹ́jú. Bí Ẹlẹ́rìn-ín ṣe tẹ̀ ẹ́, ó kọ orin kékeré kan.

"Ṣé o gbọ́ ọ? Ó ń kí ọ káàbọ̀," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí. Ó nawọ́ sí tówẹ̀ẹ̀lì kékeré kan. "Èyí la fi ń dán an wò fáwọn oníbàárà."

"Tọ́jú tówẹ̀ẹ̀lì rẹ. Aṣọ tí Màmá mi ń fọ̀ ni mo mú wá." Sìsí sì fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà yọ. Aṣọ tó ki ni, èyí tó gba èèyàn méjì lórí bẹ́ẹ̀dì, tó sì wúwo bí ọ̀ràn nígbà tó bá mumi.

Níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tó dórí pé kó fún omi kúrò lára aṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ó gbọ̀n. Ó fo sókè díẹ̀, ó sì gbéra láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ń bọ̀ láàárín ìsọ̀ bí àlejò tí wọn ò pè síbi ijó.

"Ẹ̀gbọ́n ìyá mi á pa mí!" ni Ẹlẹ́rìn-ín kígbe, ó sì gbá ẹ̀rọ náà mọ́ra. Sìsí sáré dì í mú lódìkejì. Ọwọ́ wọn kan ara wọn lórí ike tó ń gbọ̀n náà, Sìsí kò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ló ń gbọ̀n òun tàbí nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ "gbàà!" Ohun gbogbo dákẹ́.

Nígbà tí wọ́n yọ aṣọ náà, ọṣẹ ṣì wà lára rẹ̀, etí rẹ̀ kan sì ti ya gbọọrọ.

"Aṣọ yẹn ló wúwo jù," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí jẹ́jẹ́.

"Irú ẹ̀ ni Màmá mi ń fọ̀ lójoojúmọ́."

Ọmọkùnrin náà jókòó sórí páálí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ẹ̀rọ yìí ti pẹ́ jù níbí, Sìsí. Ọ̀gá ní èmi ni mi ò mọ ọjà á tà. Ó ní tá a bá gba ìsinmi tí ẹ̀rọ náà ṣì wà nílẹ̀, òun á dá mi padà sọ́dọ̀ ìyá mi." Ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan mìíràn, ó sì tún pa á dé.

Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ jìnnà. Bó bá lọ, ó lọ nìyẹn. Nínú ìwé, olólùfẹ́ máa ń wọ ọkọ̀ lọ nínú òjò, omidan á sì dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Sìsí ti rí ara rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà náà, ó tilẹ̀ ti mọ aṣọ tí yóò wọ̀.

Nígbà tó délé, ó tún aṣọ náà ṣàn, ó jókòó sí kọ̀rọ̀, ó fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán etí rẹ̀ padà, ó sì kì í sáàárín àwọn tó kù.

Nírọ̀lẹ́, ilé jókòó. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí gbogbo wọn ń pè ní Kékeré, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Èmi fara mọ́ ọn," ni Kékeré wí, "nítorí páálí rẹ̀. Wọ́n ní ó ga jù mí lọ. Màá fi kọ́lé."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ páálí níbí?" ni Bàbá béèrè.

"Jẹ́ ó sọ tirẹ̀," ni Màmá Àgbà dáhùn. "Èrò tirẹ̀ nìyẹn. Ojú ilé, ó kàn ọ́. Rántí o, ẹyin lohùn. Bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́."

Sìsí wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ lórí itan rẹ̀. Ó tún rí Ẹlẹ́rìn-ín pẹ̀lú báàgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. "Ó dára," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ fẹ́lẹ́. "Ó fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà mọ́. Kò ní wàhálà kankan. Mo fara mọ́ ọn."

Màmá mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ igbá ẹrù kalẹ̀ fún. "Àwọn èèyàn máa ń sọ pé obìnrin tó bá ń fi ẹ̀rọ fọṣọ, ọ̀lẹ ni. Kí ẹni tó bá tún sọ bẹ́ẹ̀ wá yá mi lọ́wọ́ tirẹ̀. Ọmọ mi ti fojú rí i, ohun tó bá sọ ni mo gbà."

"Ní tèmi," ni Bàbá wí, "nǹkan tó bá ń kọrin kó tó ṣiṣẹ́, ó yẹ kéèyàn fura sí i. Ṣùgbọ́n Sìsí lọ wò ó, èmi ò lọ. Mo gbà."

Màmá Àgbà gbọn orí. "Ọwọ́ ni mo fi fọ aṣọ ọkọ mi títí ó fi kú, ìdọ̀tí kọ́ ló sì pa á." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. "Àmọ́ bí ọwọ́ ìyàwó mi yìí ṣe ń dùn ún, ó ń dun èmi náà. Ẹ lọ rà á."

Gbogbo wọn yọ̀ àfi ẹni tó parọ́. Ó tún wá burú sí i lọ́jọ́ kejì. Màmá ti ilé ìtura dé, ó ń kọrin. "Mo ti gba àwọn aṣọ fèrèsé wọn mọ́ ọn! Àti gbogbo tówẹ̀ẹ̀lì! Mo sọ fún màdáámù tó ń bójú tó ibẹ̀ pé a ti fẹ́ ní ẹ̀rọ. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n bí mo bá já wọn kulẹ̀, gbogbo iṣẹ́ náà pátá lòun á kó fún ẹlòmíràn."

Sìsí bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ìfẹ́ inú ìwé kì í sábà fọ aṣọ ẹnikẹ́ni ya, kì í sì í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Sátidé, òun, Màmá àti Bàbá jọ lọ sí ìsọ̀. Ọ̀gá ìsọ̀, ọkùnrin kúkurú tí ikùn rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀, pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀yàyà. Ó ju tówẹ̀ẹ̀lì kékeré sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kọrin, iná búlúù ṣẹ́jú, tówẹ̀ẹ̀lì sì jáde ní mímọ́ tónítóní.

"Ó rẹwà o," ni Màmá wí. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀rọ náà, ó ń pa á lára bí ẹni pa ọmọ tuntun lára. Sìsí gbọ́ bí awọ ọwọ́ náà ṣe ń ha lórí ike. Bàbá ti ki ọwọ́ bọ àpò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn fáànù, Ẹlẹ́rìn-ín dúró, ilẹ̀ ló ń wò.

"Sìsí mi," ni Màmá yíjú sí i, "èyí ló fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì wa, àbí?"

Ọ̀rọ̀ "bẹ́ẹ̀ ni" kò ju kí ó bọ́ lẹ́nu lọ. Sìsí wo Ẹlẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, ó wò ó bí ẹni tó ń dágbére.

"Ẹ dúró, Bàbá. Ẹ má tíì yọ owó."

"Kí ló dé? O ti sọ tìrẹ nílé. A kì í sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

"Mo mọ̀, Bàbá. Irọ́ ni mo pa nílé." Omi ti dé ojú rẹ̀. "Ó fa aṣọ náà ya, Màmá. Kò fọ̀ ọ́ mọ́. Ó ń fò káàkiri. Èmi ni mo rán etí aṣọ náà padà."

Ọ̀gá yíjú sí ọmọ àbúrò rẹ̀. "Ìwọ, ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?"

Ẹlẹ́rìn-ín gbé orí sókè. Ó lè sọ pé rárá. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. "Bẹ́ẹ̀ ló rí, sà," ni ó wí. "Èmi ni mo gbá a mọ́ra kó má baà bọ́ sí títì."

"Irọ́ ni! Ẹ̀rọ mi?" Ọ̀gá já aṣọ kíki tí wọ́n fi ń bo àwọn fìríìjì nítorí eruku, ó rọ ọ́ sínú ẹ̀rọ, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ kọrin. Ẹ̀rọ yí. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ kùn, ó sì gbéra. Bàbá fò sẹ́yìn. Ọ̀gá di ẹ̀rọ mú níwájú, ikùn rẹ̀ sì ń bá ẹ̀rọ gbọ̀n títí Ẹlẹ́rìn-ín fi fa wáyà rẹ̀ yọ.

Màmá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà gba àárín ìka jáde. Ọ̀gá nu òógùn ojú rẹ̀. "Tówẹ̀ẹ̀lì la máa ń fi dán an wò," ni ó wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ṣé ká ní mo ti ta èyí fún alágbàfọ̀! Ta ni ì bá tún wọ ìsọ̀ mi ládùúgbò yìí? Màdáámù, ẹ̀rọ ẹni tó ń dá gbé nìyí, kì í ṣe tiyín. Ẹ fún mi láyè díẹ̀. Níbi tí mo ti ń kó ọjà, wọ́n ní èyí tó lágbára, àmọ́ kò rẹwà, kì í sì í kọrin."

"Èyí tí kì í kọrin gan-an la fẹ́," ni Bàbá wí, ó sì yọ ọwọ́ kúrò nínú àpò láìmú nǹkan kan jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni Sìsí bú jáde, "ẹ má dá a padà sílé. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀."

Gbogbo ojú yí sí i. Ojú Màmá kúrò lára Sìsí, ó dé ara Ẹlẹ́rìn-ín, ó sì tún padà. "Ẹ̀ẹ́ẹ̀n," ni Màmá wí, ó fa ọ̀rọ̀ náà gùn. "Àṣé ìdí tí o fi parọ́ nìyí."

"Ta ló fẹ́ dá a padà?" ni Ọ̀gá béèrè.

"Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀, sà," ni Ẹlẹ́rìn-ín dáhùn wúyẹ́wúyẹ́.

"Inú ló ń bí mi! Bí mo bá dá ọ padà, ta ni yóò máa bá mi gbé fìríìjì? Ìwọ yìí! O mọ̀ pé ẹ̀rọ kò dára, o sì dákẹ́ kí n máa tà á. Ìyẹn ni mo máa bá ọ wí fún."

Bí ẹni pé wọ́n ṣí fèrèsé nínú àyà Sìsí ni. Ó mí sínú, ó sì mí síta. Kò tíì mọ̀ pé láti ọjọ́ yẹn lòun kò ti mí dáadáa.

Lójú ọ̀nà, Bàbá ṣáájú. Màmá ló fa Sìsí lọ́wọ́. Sìsí ń retí àbàrá. Kò rí i.

"Bí mo bá bi ọ́ pé aṣọ wo ló dára nínú pupa àti funfun," ni Màmá wí, "sọ èyí tó wù ọ́. Èrò nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa bá ọ jà. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá fẹ́ fi òógùn ojú rẹ̀ tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ, kì í ṣe èrò lásán mọ́. Ẹ̀rí lo ń jẹ́ yẹn."

"Ẹ má bínú, Màmá."

"Mo bínú. Mo sì ń dúpẹ́. Méjèèjì lè wà níkùn kan." Ó wò ó láti ẹ̀gbẹ́ ojú. "Ọmọkùnrin yẹn, ìgbà tó sọ òótọ́ níwájú ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ó rẹwà díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí o. Ìwé rẹ ni kó o kọ́kọ́ gbájú mọ́."

Wọ́n kò tíì délé tí Màmá fi yà sí ilé ìtura, ó sì ní kí Sìsí fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé fún màdáámù ibẹ̀ ìdí tí wọn kò fi ní lè fọ aṣọ fèrèsé wọn. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán, ó kùn, ó ní òun kò fẹ́ ìfàkókòṣòfò, ṣùgbọ́n ó ní kí aṣọ bẹ́ẹ̀dì ṣì máa wá sọ́dọ̀ Màmá bó ṣe ń wá tẹ́lẹ̀. Màmá dúpẹ́ títí, Sìsí sì dúpẹ́ jù ú lọ. Nílé, Màmá Àgbà gba ipò ojú ilé lọ́wọ́ rẹ̀ títí di ìgbà tí òun bá rí i pé ojú náà ti là. Títí tí ẹ̀rọ tó lágbára yóò fi dé, Sìsí ni yóò máa bá ìyá rẹ̀ fọṣọ ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Ẹlẹ́rìn-ín yọ lẹ́yìnkùlé, ó ti ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọ̀gá ní kí n wá ràn yín lọ́wọ́. Ó ní ìyà ni."

"Ojú rẹ kò jọ ojú ẹni tó ń jìyà," ni Màmá Àgbà wí láti orí àpótí tó jókòó lé.

Wọ́n fọ̀, wọ́n ṣàn, wọ́n sá a. Nígbà tí aṣọ gbẹ, Sìsí di etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan mú, Ẹlẹ́rìn-ín di etí kejì. Aṣọ náà gùn láàárín wọn, ó funfun, ó ń gbóòórùn ọṣẹ àti oòrùn.

"Lọ́jọ́ yẹn," ni Ẹlẹ́rìn-ín sọ lóhùn kékeré, "mo fẹ́ sọ fún ọ pé kí o sọ òótọ́ nílé. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Èmi náà. Mo rò pé bí mo bá sọ òótọ́, mo pàdánù rẹ nìyẹn."

"Ìgbà tí o sọ ọ́ ni mo tó lè gbé ojú sókè wò ọ́." Ó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì jìn.

Àyà Sìsí lù kìkì, ṣùgbọ́n kò bà á lẹ́rù mọ́. Ó ti mọ ohun tí kò sí nínú ìwé kankan lábẹ́ tábìlì rẹ̀: ìfẹ́ tó bá ní kí o parọ́ fún àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé ọ kò yẹ ní dídìmú, èyí tó bá sì yẹ, òtítọ́ kò ní lè lé e lọ. Ẹni tí wọ́n bá bi léèrè kí wọ́n tó rajà, kí ó sọ ohun tó rí, ì báà jẹ́ pé ohun mìíràn ló wù ú.

Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ náà. Bí wọ́n ṣe ń ká a ni wọ́n ń rìn sún mọ́ ara wọn, títí ọwọ́ wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn.

"Ó tó bẹ́ẹ̀!" ni Màmá Àgbà pariwo. "Aṣọ ní kí ẹ ká, n kò ní kí ẹ ká ara yín!"

Ẹ̀rín gbogbo wọn dé òpópónà.